Ìtàn Ẹ̀fẹ̀ Lórí Àgàbàgebè Nínú Lítíréṣọ̀ Ìbàdàn

Ẹ̀fẹ̀ tí ó ń tú àṣírí àwọn ẹni iyì, tí ó ń fi yé ará ìlú pé ẹni tí ó ń wàásù lójú pópó ni ó ń ṣe ohun tí ó ń bú nínú ìyẹ̀wù, ti wà láàrin àwọn Yorùbá kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, nítorí pé orin, eré egúngún àti ìtàn ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀fẹ̀ tí a ń sọ níhìn-ín ni àwàdà tí ó ní ìbáwí nínú, tí ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Ìtàn-àròsọ sì ni èyí tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n inú ara rẹ̀ hun, yálà ó kọ ọ́ fún kíkà tàbí ó gbé e lọ sí orí ìtàgé. Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Bẹyẹrúnkà gun òkè Mápó, wà lára àwọn ibi tí a ti lè tọ ipasẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti inú orin ọdún ìbílẹ̀ bọ́ sínú ìwé ìròyìn, ìtàgé àti fíìmù, kí a sì rí i pé ohun kan kò yí padà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́, ni ẹ̀fẹ̀ ń sọ síta.

Bí Ìbàdàn ṣe ń fi ènìyàn joyè ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iyì le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun Ìfẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, kò sí ìdílé kan tí ó lè sọ pé òun nìkan ni ipò olórí tọ́ sí, nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé láti ipò mọ́gàjí agbo ilé ni ènìyàn ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ní ìlà ti Olúbàdàn tàbí ní ìlà ti Balógun, títí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn yóò fi dé orí oyè tí a wá ń pè ní Olúbàdàn láti 1936. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ojú ayé ni ènìyàn ti ń kọ́ orúkọ rere, ojú ayé náà ni ó sì ti ń tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Lẹ́yìn tí David àti Anna Hinderer dé ní 1853, tí wọ́n sì dá ìjọ Kúdẹ̀tì sílẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí náà sì ń pọ̀ sí i ní àyíká Ọjà'ba, àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí di ara iyì tí gbajúmọ̀ ń wá. Ìjọba àwọn Òyìnbó sì tún fi ìjókòó kóòtù ìbílẹ̀ àti ti ìgbìmọ̀ ìlú kún un. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929 sórí òkè tí gbogbo ìlú ti ń rí i, ni ibi tí gbogbo iyì wọ̀nyí ti ń pàdé.

Ọdún Òkè'Badàn, tí a máa ń ṣe ní oṣù Kẹta, ni ọjọ́ tí iyì náà kì í ríbi sá sí. Ìtàn ìtẹ̀dó tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ ni pé ìlú àkọ́kọ́ tí Lágelú dá sílẹ̀ kí àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn tó dé parun nítorí pé aṣọ ṣí lára egúngún kan, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Aláàfin gbọ́, ó ní kí wọ́n pa ìlú náà run, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì sá gun orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èso òro àti ìgbín, tí wọ́n sì ń fi ìkarahun ìgbín mu ẹ̀kọ títí ewu fi kọjá. Òkè tí ó gbà wọ́n là ni wọ́n ń bọ títí di òní, Abọkè sì ni àwòrò rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ìtàn yìí nígbà tí a bá ń wá orísun ẹ̀fẹ̀ Ìbàdàn, nítorí pé aṣọ tí ó ṣí àti ẹ̀rín tí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ rín ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Ìyà tí ó tẹ̀lé ẹ̀rín náà sì fi hàn bí àwọn aláṣẹ ṣe bẹ̀rù rẹ̀ tó.

Lọ́jọ́ ọdún Òkè'Badàn, a kì í dáná, ọjà kì í ná, oúnjẹ tútù bí ẹ̀kọ ni a sì ń jẹ. Abọkè a máa múra bí obìnrin, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa rìn kiri láti agbo ilé dé agbo ilé, tí wọn yóò máa kọ àwọn orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ lọ́jọ́ mìíràn. Orin wọ̀nyí a máa pe ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin ní orúkọ rẹ̀ gan-an, wọn a sì máa sọ ti ìṣekúṣe, ahun àti ìrẹ́jẹ àwọn gbajúmọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọrin bú kò gbọdọ̀ bínú, nítorí pé ìgbàgbọ́ àwọn olùsìn ni pé orin náà ń mú ọmọ àti ìbísí wá sí ìlú, ẹni tí ó bá sì fi ìbínú dá a dúró ti dí ọ̀nà ire fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ka orin náà sí ọ̀rọ̀ rírùn lásán kò rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ilé ẹjọ́ ni, tí kò ní adájọ́ tí a lè fi owó rà, nítorí pé ogunlọ́gọ̀ ni ó ni ohùn, kò sì sí ẹnì kan tí a lè mú pé òun ni ó sọ ọ́. Kò sì sí ohun tuntun nínú ẹ̀sùn tí ó ń kà sí ẹni lẹ́sẹ̀: ọkùnrin tí wọ́n bú lójúde rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ṣe, àwọn ìyàwó rẹ̀ mọ̀, aládùúgbò mọ̀. Ìyàtọ̀ tí orin mú wá kò ju pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Ọ̀nà kejì tí ẹ̀fẹ̀ gbà rí ààbò kí ìwé tó dé ni eégún alárìnjó, tí a tún ń pè ní apidán, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ òṣèré arìnrìn-àjò tí wọ́n ń gbé eré wọn láti ìlú dé ìlú lábẹ́ aṣọ egúngún. Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, rí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣèré kan ṣe bí Òyìnbó tí ó rù, tí òtútù ń mú, tí ó ń fín áṣáà. Joel Adédèjì, tí ó fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí eré yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969, jẹ́ kí ó yé àwọn onímọ̀ pé ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní irú ènìyàn kan pàtó tí wọ́n máa ń gbé yọ, bí ọ̀mùtí, aṣẹ́wó àti àjèjì. Níbi tí orin Òkè'Badàn ti lè dárúkọ onílé, irú ènìyàn ni apidán ń ṣe, tí ó sì ń fi ẹni tí ó ń wòran sílẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ mú orúkọ tí ó bá a mu. Ọgbọ́n yìí ni àwọn òǹkọ̀wé jogún.

Nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún 1920, wọ́n nílò ọgbọ́n náà gidigidi, nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé ni a lè pè lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́. Ní Ìbàdàn, Dẹ́nrelé Adétìmíkàn Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924, ó sì ń darí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1945. Akéwì ni Ọbasá. Ó kó ewì rẹ̀ jọ sínú ìwé mẹ́ta tí wọ́n jáde ní 1927, 1934 àti 1945, níbi tí ó ti fi òwe àti ọ̀rọ̀ àgbà hun àríwísí sí ìwà ọmọ aráyé láìnàka sí ilé ẹnikẹ́ni.

Èkó ni ìtàn-àròsọ gidi ti kọ́kọ́ yọ. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde ní oṣù Keje 1929, èyí tí ó ní obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ni ó ń kọ wọ́n. Lẹ́tà náà ń bá a lọ títí di oṣù Kẹta 1930, ó sì di ìwé ní ọdún náà. Sẹ̀gilọlá jẹ́ arẹwà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo àwọn ọkùnrin, tí àìsàn àti òṣì sì ti wá dé bá. Bí ó ṣe ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fi orin ìsìn àti ọ̀rọ̀ Bíbélì kún un, tí ó sì ń sọ ìgbádùn àtijọ́ náà pẹ̀lú adùn tí ó fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ tán. Ó ń sọ orúkọ àwọn àdúgbò Èkó, ṣùgbọ́n ó pa orúkọ àwọn ọkùnrin rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni, wọ́n kọ lẹ́tà sí i, a sì rí ẹni tí ó fi owó ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí lítíréṣọ̀ Yorùbá, tún ìwé náà tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀, ó sì pè é ní ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Agbára rẹ̀ wà nínú pé àwọn gbajúmọ̀ Èkó tí ń ka lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀ ni yóò kan àwọn.

Ìgbà tí Ìbàdàn di olú ìlú Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948, tí àwọn ilé ìtẹ̀wé sì ń pọ̀ níbẹ̀, ni ẹ̀fẹ̀ orí ìwé wá gbèrú nínú ìlú náà. J. F. Ọdúnjọ tẹ eré-onítàn Agbàlọ́wọ́mérìí, Baálẹ̀ Jòǹtolo jáde ní 1958, nípa baálẹ̀ tí ó sọ ipò tí ó yẹ kí ó fi dáàbò bo ìlú di ohun tí ó fi ń gba tọwọ́ wọn. Wọ́n gbé The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká lọ sí orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1959, níbi tí baálẹ̀ Ìlújìnlẹ̀ ti parọ́ pé ọkùnrin òun ti kú kí ó lè rí ọ̀dọ́bìnrin mú; ní oṣù Kẹrin 1960, ní Mellanby Hall ní yunifásítì náà, wọ́n ṣe The Trials of Brother Jero, eré rẹ̀ mìíràn nípa wòlíì etí òkun tí ń sọ̀rọ̀ ìjọ rẹ̀ bí oníṣòwò ti ń sọ̀rọ̀ oníbàárà. Wòlíì Jero kò gbà kí Chume, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, na ìyàwó rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ó mọ̀ pé ìyàwó náà ni obìnrin tí òun jẹ lówó. Ìgbà náà ni ẹ̀mí wá sọ fún un pé kí Chume nà án. T. M. Àlùkò, ọmọ Iléṣà tí ó kàwé ní Government College Ìbàdàn, tí ó sì jẹ́ olùdarí àwọn iṣẹ́ òde ní Ìwọ̀ Oòrùn láti 1960 títí di 1966, kọ Kinsman and Foreman ní ọdún tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà: Titus Oti, ẹnjiníà tí ó kàwé dé láti òkè òkun, rí i pé Simeon, ẹbí òun tí gbogbo ìlú Ìbàlá ń yẹ́ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni olórí àwọn olè nínú iṣẹ́ ìjọba. Àlùkò mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé láti inú ọ́fíìsì náà gan-an ni ó ti ń wo ìwà tí ó kọ.

Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn mọ agbára ẹ̀fẹ̀. Ní 1964, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn nítorí eré Yorùbá Ronú, èyí tí ó sọ ti ọba kan tí ẹni tí ó sún mọ́ ọn dà. Ìjọba ológun ni ó tú u sílẹ̀ ní 1966.

Iṣẹ́ tí ó kó gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí pọ̀ jù lọ ni Who's Afraid of Solarin? tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ̀ jáde ní 1978. Ó yá egungun ìtàn náà lọ́wọ́ Nikolai Gogol, òǹkọ̀wé èdè Rọ́ṣíà, tí ó fi eré tirẹ̀ hàn ní 1836 nípa ìlú kékeré kan tí àwọn olóyè rẹ̀ gbọ́ pé olùbẹ̀wò ìjọba ń bọ̀, tí wọ́n sì ṣi ẹlòmíràn mú. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí Ọ̀ṣọ́fisan wọ̀ ọ́ jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá pátápátá. Ní 1975 ni ìjọba ológun fi òfin dá àjọ tí ń gba ẹ̀sùn ará ìlú lòdì sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, Táí Ṣólàárín, olùdásílẹ̀ Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, sì ni kọmíṣánnà fún Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọkùnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ṣòkòtò péńpé káàkí àti fìlà ni, ní àárín àwùjọ tí agbádá ti ń jẹ́rìí fún ọlá; ẹ̀rù rẹ̀ nìkan tó láti tú àṣírí àwọn tí ó wọ agbádá. Nínú eré náà, alága àti àwọn káńsílọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan gbọ́ pé Ṣólàárín ń bọ̀, jìnnìjìnnì sì mú wọn débi pé wọ́n gba oníjìbìtì kan tí ń jẹ́ Ìsọ̀lá Oríẹbọra gẹ́gẹ́ bí kọmíṣánnà náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó fún un.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ yìí ta àwọn yòókù yọ ni pé nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè pé, 'Kí ni mo ṣe?' Bí ìròyìn ti kàn, kálukú ti mọ fáìlì tí ó yẹ kí ó fi pamọ́. Ìdánwò, tí í ṣe ohun tí a fi ń fa ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà, sábà máa ń ti ọwọ́ àjèjì wá nínú ìtàn. Níhìn-ín, àwọn ẹni iyì ìlú ni wọ́n ń dán àjèjì wò, nítorí pé wọn kò lè gbà pé ẹnì kan wà tí owó kò lè rà. Dọ̀tun Ògúndèjì, onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá, túmọ̀ eré náà sí Yéèpà! Ṣólàárín Ń Bọ̀!, ìtumọ̀ náà sì bá a mu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé Yorùbá ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́.

A lè fi èyí wé ìtàn tí Mark Twain, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1899 nípa ìlú Hadleyburg, tí ó ń yangàn káàkiri pé òun ni olóòótọ́ jù lọ. Àjèjì kan tí ìlú náà ti ṣẹ̀ fi àpò kan tí a gbà pé wúrà wà nínú rẹ̀ dán àwọn mọ́kàndínlógún tí wọ́n jẹ́ gbajúmọ̀ ibẹ̀ wò, gbogbo wọn sì ṣubú, a sì ka lẹ́tà irọ́ méjìdínlógún nínú wọn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ohun tí Twain ń sọ ni pé ìwà rere tí a kò dán wò rí kò tíì di ìwà rere, nítorí náà ìṣubú Hadleyburg ya àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn lẹ́nu. Kò sí ohun tí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ìtàn Ọ̀ṣọ́fisan tàbí ti Àlùkò. Ìlú ti mọ Simeon tipẹ́. Ìyẹ́sí tí wọ́n ń ṣe fún un ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ yìí tipa bẹ́ẹ̀ le ju ti Twain lọ, nítorí pé kì í dá ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan lẹ́bi, ó ń bi àwọn tí ń wòran léèrè ìdí tí wọ́n fi dákẹ́.

Fíìmù gbé ìbéèrè náà síwájú. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání darí ní 1993, ìjòyè tí Kareem Adépọ̀jù, tí a mọ̀ sí Bàbá Wándé, ṣe lọ́wọ́ nínú títa ilẹ̀ àjogúnbá ìlú fún ilé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí wọ́n jọ dì í. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí a bí ní Lábọ̀dé ní Ìbàdàn ní 1939, kọ eré-onítàn Kòṣeégbé ní 1981 nípa olóòótọ́ kan nínú iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dẹ pańpẹ́ fún, lẹ́yìn náà ó kọ Ṣaworoidẹ tí ó jáde ní 1999 àti Agogo Èèwọ̀ ní 2002, tí Kèlání darí méjèèjì. Jogbo, ìlú tí fíìmù méjèèjì dá lé lórí, jẹ́ ìlú àfinúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni Ìlújìnlẹ̀ àti Ìbàlá. Ààbò tí ọjọ́ ọdún ń fún olórin Òkè'Badàn ni ìlú àfinúrò ń fún òǹkọ̀wé. Nínú Ṣaworoidẹ, Lapite jọba Jogbo láìgba gbẹ́rẹ́ tí yóò so ó mọ́ ìlérí fún ìlú, ó sì fi igbó ìlú tọrẹ fún àwọn agégẹdú. Ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ fún wọn ní Jogbo ni Bàbá Òpálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, àgbàlagbà tí wọn kì í kà sí, tí ẹnu rẹ̀ sì ń ṣe ní gbogbo ọdún ohun tí orin Òkè'Badàn ń ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àléébù kan wà tí kò yẹ kí a bò nínú ìtàn yìí. Láti orí Sẹ̀gilọlá dé eré Ìfẹ́ Owó ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, níbi tí ìyàwó kejì ti sọ baálé ilé di aláìní, obìnrin ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ṣe ìdánwò, ọkùnrin ni wọ́n sì fi ṣe ẹni tí ìdánwò bá. Orin Òkè'Badàn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Takọtabo ni ó ń bú, nítorí pé takọtabo ni ó ń kọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìwé rẹ̀yìn sí orin.

Àwọn eré, ìwé àti fíìmù tí a dárúkọ yìí kò sọnù. A rí wọn rà, a sì ń fi wọ́n kọ́ni ní ilé ìwé. Orin Òkè'Badàn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ wọ́n sílẹ̀ bí a ti kọ wọ́n lẹ́nu, àwọn àgbà tí wọ́n mọ ẹni tí orin kọ̀ọ̀kan ń bá wí àti ọdún tí ó jáde sì ń dín kù. Ó tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ìbàdàn lọ jókòó ti àwọn àgbà Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà nísinsìnyí, kí wọ́n gba orin wọ̀nyí sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, kí wọ́n sì kọ ìtàn tí ó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.